Ta Ni ‘Wọ́n’? Ìtọ́jú Ìtàn Ìjà àwọn Ọmọ Ilé Ẹ̀kọ́ ní Farmville

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àròbá ni baba ìtàn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kì í dá di ìtàn. Ẹni tí ó rọ́ ọ, ẹni tí ó gbọ́ ọ, àti èdè tí ó gbé e láti ẹnu kan dé ẹnu kejì ni ó ń sọ ọ́ di ìtàn. Bí èdè náà bá ní àléébù, ìtàn náà yóò ní àléébù, bí ó ti wù kí ìwé ẹ̀rí pọ̀ tó nínú àpótí. Nítorí ìdí èyí, ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ìtàn kì í ṣe ti òpìtàn nìkan. Ó kan onímọ̀ ẹ̀dá-èdè àti olùkọ́ èdè pẹ̀lú.

Ìtàn tí àròkọ yìí gbé yẹ̀wò ni ti Farmville, ìlú kékeré kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Prince Edward, ní ìpínlẹ̀ Virginia, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ìlú yìí ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ aláwọ̀ dúdú ti dìde ní ọdún 1951 láti kọ ẹ̀kọ́ tí kò tó ti ọmọ funfun. Ní ìlú yìí kan náà ni wọ́n ti ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìjọba pa fún ọdún márùn-ún, láti 1959 di 1964, kí ọmọ dúdú àti ọmọ funfun má baà jókòó pọ̀ nínú kíláàsì kan. Gbólóhùn tí ó kẹ́yìn yìí dá ṣáká lójú gírámà Yorùbá, ṣùgbọ́n ó fi ohun kan pamọ́. Ta ni ‘wọ́n’? Ìbéèrè yìí ni òṣùwọ̀n tí àròkọ yìí yóò fi wọn àwọn ìwé, ilé àti ère tí ó ń tọ́jú ìtàn Farmville lónìí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀

Ọdún 1939 ni ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama Robert Russa Moton fún àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú. Akẹ́kọ̀ọ́ 180 ni ilé náà lè gbà. Nígbà tí yóò fi di 1951, àwọn tí ó wà níbẹ̀ ti lé ní 450. Kàkà kí ìjọba kọ́ ilé mìíràn, àwọn ahéré onípákó tí a fi bébà ọlọ́dà bò ni ó fi ṣe àfikún kíláàsì. Bí òjò bá rọ̀, òrùlé a máa jò. Bí òtútù bá mú, ẹni tí ó sún mọ́ ààrò a máa làágùn, ẹni tí ó jìnnà sí i a máa wọ kóòtù jókòó. Kò sí ilé ìdárayá, kò sí yàrá ìjẹun, kò sí yàrá tí a ti ń ṣe àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ funfun tí ó wà ní ìlú kan náà ní gbogbo nǹkan wọ̀nyí.

Ní ọjọ́ 23, oṣù kẹrin, 1951, Barbara Rose Johns, ọmọ ọdún 16, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ fi ọgbọ́n mú kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ jáde lọ sí ìgboro. Wọ́n pe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ jọ sínú gbọ̀ngàn, wọ́n sì sọ pé àwọn kò ní wọ kíláàsì mọ́ títí ìjọba yóò fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tuntun fún àwọn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìyanṣẹ́lódì náà gbà. Oliver Hill àti Spottswood Robinson, agbẹjọ́rò méjì láti inú ẹgbẹ́ NAACP, gbà láti ṣojú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní àdéhùn kan: kí àwọn ọmọ náà àti òbí wọn má ṣe béèrè ilé tuntun nìkan, kí wọ́n béèrè pé kí òfin tí ó pín ọmọ dúdú àti ọmọ funfun níyà kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá. Àwọn ará ìlú gbà. Àlùfáà L. Francis Griffin ṣí ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sílẹ̀ fún ìpàdé. Ní ọjọ́ 23, oṣù karùn-ún, ọdún kan náà, ẹjọ́ náà dé kóòtù ìjọba àpapọ̀ ní orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ 117.

Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà pa ẹjọ́ yìí pọ̀ mọ́ mẹ́rin mìíràn. Ní ọjọ́ 17, oṣù karùn-ún, 1954, ó dájọ́ pé ìpínníyà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tako òfin ilẹ̀ náà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìwé tí a fi ń kọ́ ọmọ ní ìtàn máa ń parí ọ̀rọ̀ sí. Ní Farmville, ìdajì tí ó nira jù ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ní 1956, Harry Byrd, aṣòfin àgbà láti Virginia, pe àwọn funfun ní gúúsù Amẹ́ríkà pé kí wọ́n fi gbogbo agbára tako ìdájọ́ náà. Ní oṣù karùn-ún, 1959, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn pàṣẹ pé Prince Edward gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọmọ dúdú àti ọmọ funfun pọ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Ní oṣù kẹfà, ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣàkóso ìjọba ìbílẹ̀ náà kọ̀ láti ya owó orí kankan sọ́wọ́ fún ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án dé, ìlẹ̀kùn kò ṣí.

Àwọn ọmọ funfun rí ibi lọ, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan, Prince Edward Academy, ti ṣí sílẹ̀ fún wọn. Ọmọ dúdú bí 1,700 ni kò ní ilé ẹ̀kọ́. Òbí tí ó ní ẹbí ní ìpínlẹ̀ mìíràn fi ọmọ ránṣẹ́ sí wọn. Àwọn ọmọ ńlá bí ọgọ́ta lọ sí Kittrell ní North Carolina. Àwọn ẹlẹ́sìn Quaker bá àwọn kan wá ìdílé tí yóò gbà wọ́n tọ́ lókèèrè. Ní ìlú, àwọn obìnrin ń kọ́ ọmọdé ní ìwé kíkà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tí ó kù, oko tábà àti iṣẹ́ ilé ni ó gbà wọ́n. Ní 1963 ni ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan tí owó ìtọrẹ gbé ró ṣí sílẹ̀ fún ọdún kan. Ní ọjọ́ 25, oṣù karùn-ún, 1964, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́, nínú ẹjọ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ Griffin, pé ìjọba ìbílẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ṣí ilé ẹ̀kọ́ padà. Oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni ìlẹ̀kùn ṣí.

Orúkọ tí ó gbé orúkọ mì

Ìṣòro àkọ́kọ́ nínú ìtọ́jú ìtàn yìí ni ti orúkọ. Dorothy Davis, ọmọ ọdún 14, ni orúkọ rẹ̀ ṣíwájú nínú ìwé ìpẹ̀jọ́ 1951. Nítorí náà ni ẹjọ́ náà fi ń jẹ́ Davis. Bí àwọn agbẹjọ́rò bá kọ ọ́ ní kíkún, wọn a fi gbólóhùn kékeré kan lé e: ‘àti àwọn mìíràn’. Gbólóhùn kékeré yìí ni ó gbé ọmọ 116 mì. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé Washington, Davis fúnra rẹ̀ wọ inú ‘àwọn mìíràn’, nítorí pé orúkọ Brown, tí ó ti ìpínlẹ̀ Kansas wá, ni a fi pe ẹjọ́ máràrùn-ún. Kò sí ìkà nínú èyí. Bí kóòtù ti ń dín orúkọ kù nìyẹn. Síbẹ̀, ohun tí a bá dín kù nínú ìwé a máa kéré lọ́kàn ènìyàn. Nínú àwọn ẹjọ́ márùn-ún náà, ti Farmville nìkan ni ó jẹ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó dá a sílẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ ‘Brown’ nìkan kò lè mọ èyí. Yóò rò pé àwọn lọ́yà àti adájọ́ ni ó ja ìjà náà, tí àwọn ọmọdé kàn jẹ́ ẹni tí a jà fún.

Láti tún èyí ṣe, ìtọ́jú ìtàn ti ẹnu lọ́ọ́lọ́ọ́ yìí gbé orúkọ Barbara Johns sókè. Ó tọ́ sí i. Lẹ́yìn 1951, ẹbí rẹ̀ ní láti rán an lọ sí Montgomery lọ́dọ̀ Vernon Johns, arákùnrin bàbá rẹ̀, nítorí ewu tí ó wà nílé. Ó padà di olùtọ́jú ibi ìkàwé ní Philadelphia, ó sì kú ní 1991 láìgba ìyìn tí ó tó iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n igi kan kì í dá igbó ṣe. Àtúnṣe tí ó bá fi orúkọ kan rọ́pò orúkọ mìíràn ti tún àṣìṣe ti àtijọ́ ṣe ní ọ̀nà tuntun.

Ìwé mẹ́ta

Ìwé mẹ́ta tí ó yàtọ̀ sí ara wọn ni a lè fi wo bí àwọn òǹkọ̀wé ti gbé ìtàn yìí kalẹ̀. Àkọlé wọn nìkan tó fún onímọ̀ èdè láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Èkíní ni ‘They Closed Their Schools’, tí Bob Smith, oníròyìn kan ní Virginia, gbé jáde ní 1965. Bí a bá túmọ̀ àkọlé yìí sí Yorùbá, yóò jẹ́ ‘Wọ́n Ti Ilé Ẹ̀kọ́ Wọn Pa’. Wo bí ‘wọ́n’ àti ‘wọn’ ti ń rọ́ lu ara wọn. Ǹjẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tiwọn ni wọ́n tì, àbí ti àwọn ẹlòmíràn? Àkọlé náà gún régé nítorí pé iyèméjì yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà lé lórí. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba jẹ́ ti gbogbo ará ìlú, òbí dúdú ń san owó orí bí òbí funfun ti ń san án. Àwọn tí ó wà nípò hùwà bí ẹni pé tiwọn nìkan ni. Agbára ìwé Smith ni pé kò jẹ́ kí ‘wọ́n’ di afẹ́fẹ́. Ó pe ipò ní orúkọ, ó sì pe ẹni tí ó wà nípò ní orúkọ: ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, àwọn olùdásílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, àti J. Barrye Wall, ẹni tí ó ni ìwé ìròyìn Farmville Herald, tí ó wà lára àwọn tí ó ṣagbátẹrù títì náà. Ohun tí ó dín kù nínú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bi òǹkọ̀wé. Ní 1965, ọgbẹ́ náà ṣì tutù. Kò sí ẹni tí ó lè mọ ohun tí ọdún márùn-ún náà yóò sọ àwọn ọmọ wọ̀nyí dà nígbà tí wọ́n bá di àgbà.

Èkejì ni ‘Students on Strike’, tí John Stokes gbé jáde ní 2008. Stokes wà lára àwọn tí ó gbèrò ìdìde 1951, ó sì wà lára àwọn tí ó pẹjọ́. Àkọlé kejì tí ó tẹ̀ lé àkọlé ìwé náà to nǹkan mẹ́rin lẹ́sẹẹsẹ, ó sì parí sí ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ẹni kìíní ẹyọ: ‘èmi’. Ibí yìí ni ìwé náà ti ṣe ohun tí Smith kò lè ṣe. Ẹni tí a pè ní ‘àwọn mìíràn’ nínú ìwé kóòtù dìde, ó ní èmi nìyí. Ọ̀rọ̀ tí ó fi pe ìdìde náà tún yẹ fún àkíyèsí. Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni. Yorùbá pè é ní ìyanṣẹ́lódì, iṣẹ́ sì wà nínú rẹ̀ gbangba. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá yan iṣẹ́ lódì ń sọ pé ẹ̀kọ́ tí òun ń kọ́ jẹ́ iṣẹ́, àti pé ìlú jẹ òun ní gbèsè ibi tí òun yóò ti ṣe é. Ààlà tí ìwé náà ní ni pé Stokes ti kúrò ní Moton tipẹ́ kí ọdún 1959 tó dé. Títì tí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ kò ká a mọ́ kíláàsì. Ìwé náà sì jẹ́ ti ọ̀dọ́, ó fẹ́ kí ọmọ tí ó kà á ní ìgboyà. Ìgboyà 1951 ni ó ń tàn jù nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ‘Something Must Be Done About Prince Edward County’, tí Kristen Green gbé jáde ní 2015. Funfun ni Green, ọmọ Farmville ni, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí a dá sílẹ̀ fún àwọn funfun ni ó sì lọ. Bàbá rẹ̀ àgbà wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀. Àkọlé ìwé rẹ̀ kò ní olùṣe rárá nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì: nǹkan kan gbọ́dọ̀ di ṣíṣe, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tí yóò ṣe é. Olùtúmọ̀ Yorùbá kò ní lè sá. Yóò ní láti yan olùwà kan: ‘Ìjọba gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe’, ‘A gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe’, tàbí ‘Wọ́n gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe’. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ó mú ìwé yìí yàtọ̀ ni pé inú rẹ̀ ṣe òdì-kejì àkọlé rẹ̀. Ó fún ‘wọ́n’ ní ojú. ‘Wọ́n’ ni bàbá àgbà tí ó ń ṣìkẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀. ‘Wọ́n’ ni ẹni tí ó ń jókòó sídìí tábìlì kan náà. Ṣùgbọ́n ewu kan wà níbẹ̀. Obìnrin dúdú tí ó ṣiṣẹ́ ilé fún àwọn òbí àgbà Green rán ọmọ tirẹ̀ lọ sí Massachusetts kí ó lè kàwé. Òǹkàwé ń rí ìpàdánù yìí láti ojú fèrèsé ilé tí obìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́. Ìwé tí ó bá dá lé bí ẹni tí ilé rẹ̀ ṣẹ̀ ti ń ṣàwárí ara rẹ̀ lè mú kí ẹni tí a ṣẹ̀ di ẹlẹ́rìí nínú ìtàn tirẹ̀. Green mọ ewu yìí lójú, kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá.

Bí a bá wo àwọn ìwé mẹ́ta yìí pọ̀, ọ̀kan mọ ẹni tí ó ṣe é, ọ̀kan ní ohùn ẹni tí ó dìde, ọ̀kan jẹ́wọ́ láti inú ilé ẹni tí ó ṣe é. Ohùn tí ó ṣọ̀wọ́n jù láàrin wọn ni ti ọmọ tí ó jókòó sílé láti 1959 di 1964.

Sọnù àti sọ nù

Orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pe àwọn ọmọ ọdún márùn-ún náà ni ìran tí ó sọnù. Gẹ̀ẹ́sì kò pààlà sí ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n Yorùbá lè pààlà. ‘Owó mi sọnù’ kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bóyá àpò ni ó lu. ‘Ó sọ owó mi nù’ ní olùṣe. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ìwúre àti ẹ̀bi ni ó yàtọ̀. Bí a bá pe àwọn ọmọ Farmville ní ìran tí ó sọnù, ó dà bí ẹni pé wọ́n ṣìnà nínú igbó. Kò sí igbó níbẹ̀. Ìlú wà, owó orí wà, ilé wà, olùkọ́ wà, ìpàdé kan ni ó sì fi ìpinnu ti ìlẹ̀kùn. Ìran tí a sọ nù ni wọ́n.

Ohun kan náà ni ó wà nídìí ‘wọ́n’ tí a fi bẹ̀rẹ̀. Èdè Yorùbá kò ní irú gbólóhùn tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń gbé àbọ̀ sí ipò olùwà kí olùṣe lè pòórá. ‘Wọ́n’ ni ó sábà máa ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ọ̀nà méjì ni ó sì ń gbà wúlò. Nígbà tí a bá ní ‘wọ́n bí i ní Ọ̀yọ́’, gbogbo ènìyàn mọ olùṣe, kò sì pọn dandan láti dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí a bá ní ‘wọ́n jí mọ́tò rẹ̀ gbé’, ẹnikẹ́ni kò mọ olùṣe. Ọ̀rọ̀ Farmville kò bọ́ sí ọ̀kankan nínú méjèèjì. Olùṣe kò fara sin, dídárúkọ rẹ̀ sì pọn dandan. Ẹni tí ó bá ní ‘wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa’ níbẹ̀ ti ya gírámà lò fún ohun tí gírámà kò bí.

Ilé àti ère

Ní àwọn ọdún 1990, ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ ta ilé Moton àtijọ́. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin dúdú ìlú náà, Martha E. Forrester Council of Women, ni ó dìde pé kò ní bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí yóò wó o. Ní 1998, ìjọba àpapọ̀ fi ilé náà sínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi mánigbàgbé ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 23, oṣù kẹrin, 2001, tí ìdìde àwọn ọmọ náà pé àádọ́ta ọdún gééré, ó ṣí gẹ́gẹ́ bí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Nínú gbogbo ohun tí ó ń tọ́jú ìtàn yìí, ilé yìí ni ó sún mọ́ òtítọ́ jù. Gbọ̀ngàn tí Barbara Johns ti sọ̀rọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àfihàn tí ó wà nínú rẹ̀ láti 2013 kò dúró ní 1954. Ó bá ìtàn náà dé 1964.

Síbẹ̀, ilé rọrùn láti fi pa ọjọ́ kan mọ́ ju ọdún márùn-ún tí kò sí nǹkan lọ. Bàtà ẹni tí ó wọ́de ṣeé gbé sórí tábìlì. Àìlọ-sí-ilé-ẹ̀kọ́ kò ṣeé gbé sórí tábìlì. Ohùn nìkan ni ó lè gbé e: ti ọkùnrin tí ó ń fi àtẹ̀lé ìka fọwọ́ sí ìwé báńkì, ti obìnrin tí ọmọ rẹ̀ ní kí ó bá òun ka ìwé tí ó sì ní òun kò rí jígí òun. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kì í kọ ìwé nípa ara rẹ̀, àìmọ̀wé sì ni ọgbẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí gbígba ẹ̀rí àtẹnudẹ́nu sílẹ̀ kò fi gbọ́dọ̀ jẹ́ àfikún ní irú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bẹ́ẹ̀. Òun ni òpó ilé.

Ti ère yàtọ̀. Ní 2008, ìpínlẹ̀ Virginia gbé ohun ìrántí kan kalẹ̀ ní àyíká ilé ìjọba ní Richmond. Ère ènìyàn 18 ni ó wà lára rẹ̀: àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn àgbà ìlú àti àwọn agbẹjọ́rò. Ní 2020, ìgbìmọ̀ kan ní ìpínlẹ̀ náà yan Barbara Johns láti rọ́pò ère Robert E. Lee, ọ̀gágun àwọn tí ó jà kí ẹrú má baà di òmìnira, ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ní Washington. Ère Lee kúrò ní oṣù kejìlá ọdún náà. Ti Johns dé ní oṣù kejìlá, 2025. Ó jẹ́ ìyípadà ńlá pé ọmọdébìnrin tí kò ní ibọn gba àyè ọ̀gágun. Ṣùgbọ́n ti Richmond bá ìtàn náà mu jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ ni ó dúró níbẹ̀. Nínú méjèèjì, kò sí ère ẹni tí ó ti ìlẹ̀kùn. Kò sì sẹ́ni tí ó ń béèrè pé kí a gbẹ́ irú ère bẹ́ẹ̀. Orúkọ lára àkọlé tó.

Àwọn kan yóò sọ pé kí a jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé dídárúkọ lè tún ọgbẹ́ dá, ìlú sì gbọ́dọ̀ wà pọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ọmọ ẹni tí ó ṣẹ̀ kọ́ ni ó ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tí ó ṣu a máa gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé. Ìdákẹ́ tí a pè ní àlàáfíà sábà máa ń jẹ́ ìsinmi fún ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn méjì. Yorùbá tún ní ohun èlò kan tí ó yẹ kí a rántí. ‘Wọ́n ní wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa’ lè túmọ̀ sí pé àwọn ẹlòmíràn ni ó tì í. ‘Wọ́n ní àwọn ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa’ kò ní ìtumọ̀ méjì. Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ni ó ṣe é. Láàrin ‘wọ́n’ àti ‘àwọn’ yìí ni ìjẹ́wọ́ wà. Ilé aṣòfin Virginia fi àbámọ̀ hàn ní 2003 nípa títì náà. Ní 2004, ìpínlẹ̀ náà dá ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí ó pàdánù ilé ẹ̀kọ́, àwọn kan sì padà sí kíláàsì pẹ̀lú ewú lórí. Ní 2008, ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Prince Edward fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì fi iná ìlàjà sí orí ilé ẹjọ́ ìlú náà. Tí a bá fi gírámà Yorùbá wọn èyí, ti ìgbìmọ̀ yìí ni ó wúwo jù, bí ó tilẹ̀ pẹ́ tó ọdún 49, nítorí pé ipò tí ó ti ìlẹ̀kùn ni ó la ẹnu.

Èdè tí olùkọ́ yóò fi kọ́ ọ

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ ìtàn yìí ní Yorùbá yóò kọ́kọ́ pàdé ìṣòro ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ń pe ìwà tí Farmville bá jà ní ìyàsọ́tọ̀. Nínú èdè ṣọ́ọ̀ṣì, ohun tí a yà sọ́tọ̀ ni ohun tí a yà sí mímọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó ní ọ̀wọ̀ lára kò yẹ fún ìwà tí ó gba ọ̀wọ̀ lára ènìyàn. Ẹlẹ́yàmẹ̀yà gbòòrò jù: ó lè wà lọ́kàn ènìyàn láìsí òfin kankan. Ìpínníyà ni ó sàn jù, nítorí pé ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe nínú, ọ̀rọ̀-ìṣe ‘pín’ sì ń wá olùwà. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò fẹ́ béèrè pé ta ni ó pín wọn.

Bákan náà ni ó yẹ kí a ya ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sí ọ̀tọ̀ kúrò lára ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú. Ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni ohun tí ó tọ́ sí ni nítorí pé a jẹ́ ènìyàn. Ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú ni ohun tí ó tọ́ sí ni nítorí pé ìlú jẹ́ tẹni. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ni Farmville jà fún. Àwọn ọmọ Moton kò tọrọ àánú. Wọ́n béèrè ìpín wọn nínú ohun tí òbí wọn ń sanwó fún.

Iṣẹ́ kíláàsì tí ó tẹ̀ lé èyí kò le. Kí olùkọ́ kọ gbólóhùn ‘wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa’ sójú pátákó, kí ó ní kí àwọn ọmọ fi olùwà gidi rọ́pò ‘wọ́n’. Lẹ́yìn náà, kí ó ní kí wọ́n ṣe bákan náà sí ‘àti àwọn mìíràn’. Ẹ̀kọ́ gírámà ni, ẹ̀kọ́ ìtàn sì ni.

Ìgúnlẹ̀

Ohun tí àyẹ̀wò yìí fi hàn ni pé ìtàn ìjà Farmville kò sọnù. Ilé rẹ̀ wà, ìwé rẹ̀ wà, ère rẹ̀ wà. Ohun tí ó kù ni kí gbólóhùn rẹ̀ pé. Ìtọ́jú tí ó bá pa akọni mọ́ tí ó sì jẹ́ kí ẹni tí akọni bá jà pòórá, ìdajì ìtàn ni ó tọ́jú. Èyí tí ó bá sì pa ọjọ́ ìgboyà mọ́ láìgba ẹ̀rí àwọn tí ó jókòó sílé, kò ní pẹ́ kí àyè rẹ̀ tó kọjá. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ní 1959, tí ó ń múra àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Kí ẹnu tí ó lè sọ ọ́ tó dákẹ́, ó yẹ kí a ti kọ gbólóhùn náà bí ó ṣe yẹ: ní ọdún 1959, ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Prince Edward kọ̀ láti náwó sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, ó sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọmọ dúdú bí 1,700 fún ọdún márùn-ún.